Nígbà Tí Àwọn Ọkọ̀ Ojú Irin Wa Bẹ̀rẹ̀ Sí Di Búlúù

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Igbó-Elérin ló bẹ̀ mí pé kí n wá sọ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí àwọn tó ń wá iṣẹ́ kọ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ọkọ̀ ojú irin ni mo ń kùn lọ́dà, wọ́n mi orí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí mo fi kún un pé inú géèmù orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọkọ̀ náà wà, pé kò sẹ́ni tó lè wọ̀ wọ́n lọ ibì kankan, ẹ̀rín sọ. Mi ò bínú. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní ẹlòmíì ló ń sọ ọ́. Mo ti fẹ̀yìntì, mo ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tí mo ń wá ojú rere rẹ̀ mọ́, nítorí náà n ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ràímì ní Òkokomáíkò nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ìwé mi forí ṣánpọ́n. Átíìsì ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ wọn nígbà náà: wọ́n ń kọ nǹkan sára lọ́rí, wọ́n ń kun bọ́ọ̀sì, wọ́n ń ya pátákó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbá ni wọ́n, Lafẹ́nwá l'Abẹ́òkúta ni wọ́n dàgbà sí, ilé bàbá wọn kò sì jìnnà sí ojú irin. Wọn ò tíì gba ọmọbìnrin sẹ́nu iṣẹ́ rí. Wọ́n bi ìyá mi bóyá mo lè gun àkàbà. Ìyá mi ní bí mo bá ti gun igi máńgòrò, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ mí kalẹ̀. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, ó ń bọ́ wa, kò sọ wá di ọlọ́lá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyẹn dá wa dúró.

Ọ̀gá mi le. Wọn kì í pariwo, wọn kì í na ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ẹ ó máa rò ó pé ká ní wọ́n tiẹ̀ nà yín ni, ó sàn. Fún ìgbà pípẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń fi kẹrosíìnì fọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa fi omi lásán fa ìlà sára ògiri, ìlà gbọọrọ tó gbọ́dọ̀ tọ́ kí oòrùn tó lá a gbẹ. Lọ́jọ́ kan, mo parí ẹ̀gbẹ́ lọ́rí kan fún ọkùnrin kan tó ń kó igi láti Ìjànìkín. Ìlà pupa kan ló tẹ̀ díẹ̀, ibi tí mo ti mí. Ẹni tó ni lọ́rí ò rí i, ó ti ń yìn mí. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n na àkísà sí mi, wọ́n ní, "Nù ún." Mo nu gbogbo ẹ̀gbẹ́ lọ́rí náà, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹni tó ni lọ́rí bá mi bẹ̀ wọ́n títí, ṣùgbọ́n ọ̀dà mìíràn ni wọ́n ń pò fún mi.

Àmọ́ kírímù ni wọ́n fi jẹ mí níyà jù. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn ọkọ̀ ojú irin kan máa ń kọjá ní Lafẹ́nwá, òkè wọn kírímù, ìsàlẹ̀ wọn pupa bí obì. Ọ̀gá mi kò gbàgbé kírímù yẹn, òun ni wọ́n fi ń dán ọmọ iṣẹ́ wò. Ẹ ó da funfun sínú agolo, ẹ ó kán yẹ́lò sí i, ẹ ó fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì bu búráwùn díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rò ó, ẹ ó sì gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà kí oòrùn lè bá a. Ọ̀gá mi á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á wò ó. Wọ́n á ní ó ti pọ́n jù, tàbí kò ní ẹ̀mí, tàbí bọ́tà ni mo pò. A ò fi kírímù náà kun nǹkan kan, kò sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀ rí. A kàn ń pò ó, a ń dà á nù. Ọjọ́ tí tèmi bá tiwọn mu ni wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó wá ṣètò fíríìdọ́ọ̀mù mi. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo ní n ò lọ. Mo ti mọ̀ pé ibòmíràn á sú mi.

Lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀dà dé. Ọ̀gá mi ráhùn, wọ́n sì rà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àmì alálẹ̀mọ́ dé, lẹ́yìn wọn ni fulẹ́ẹ̀sì dé, ìyẹn bánà oníke tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde kí èèyàn tó mu gààrí tán. Ìyẹn ló pa wá. Àwọn átíìsì tó wà láti Òkokomáíkò títí dé Ìbà pa ṣọ́ọ̀bù wọn dé. Òmíì ń gun ọ̀kadà, òmíì ń ta irú ọ̀dà tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ò pa tiwọn dé. Wọ́n ń jókòó sí iwájú rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ka Kùránì, wọ́n ń wo títì, èmi ń jókòó tì wọ́n.

Ẹmẹ́ka ló yọ wá, ọ̀dọ́kùnrin Ígbò kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Ọjà Àlàbá. Ó ní kí a wá kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun, pé òun ò fẹ́ fulẹ́ẹ̀sì, oòrùn ń sọ ọ́ di àkísà. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, géèmù kan ń lọ lórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń tò sórí tábìlì fi ṣeré, ń sáré yí yàrá kan ká. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ọ̀dà fi gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ wọn, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe rí. Ẹmẹ́ka fi hàn wọ́n pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè yí àwọ̀ ọkọ̀ náà padà, pé àwọn tó ń ṣe géèmù náà lókè òkun ń wá ẹni tí yóò máa kùn ún fún àwọn oníbàárà wọn. Ọ̀gá mi gba kọ̀ǹpútà náà dípò owó iṣẹ́. Èmi ni mo rù ú dé ṣọ́ọ̀bù wa, Ẹmẹ́ka sì bá wa kọ̀wé sí àwọn òyìnbó náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń rò pé eré ni. Wọ́n á fi ara ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa ní títẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, bí aṣọ tí télọ̀ ti gé tí kò tíì rán: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, òrùlé, iwájú. A ó kùn ún bó ṣe wà nílẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá rán an mọ́ ọkọ̀ náà lára. Oníbàárà kan á fẹ́ àwọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, òmíì á fẹ́ àwọ̀ ilé ìwé rẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ fẹ́ àwọ̀ ológbò rẹ̀ tó kú. Kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n kan tó lè da ọ̀dà sí gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mi kà á léèwọ̀. Wọ́n ní bí a ṣe ń kun lọ́rí la ó ṣe kùn ún, fífà léraléra.

Wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́ wọn tó kún fún ọ̀dà jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń di máòsì mú bí ẹni di búrọ́ọ̀ṣì mú. Mo máa ń yí ojú sẹ́yìn rẹ́rìn-ín, títí mo fi rí i pé ọkọ̀ tiwa yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn nínú géèmù náà, á rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lára irin. Ìyẹn ni àwọn oníbàárà ń torí rẹ̀ wá. Lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítòsí táyà irin, ni a ń kọ ọ́ sí: Ràímì, Òkokomáíkò. Orúkọ Ọ̀gá nìkan ló ń wà níbẹ̀, bí àṣà àwa átíìsì ṣe rí. Irun mi ti ń hewú, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni mí níbẹ̀, kò sì dùn mí.

A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí iṣẹ́ tí Ọ̀gá mi ti ń dúró dè tó dé. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe géèmù náà kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gbé ojú irin Èkó sí Abẹ́òkúta jáde bó ṣe rí láyé àtijọ́. Àwọn fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wọn, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé Lafẹ́nwá ni Ọ̀gá Ràímì dàgbà sí, wọ́n ní kí Ọ̀gá fi àwọ̀ tí ojú wọn rí kùn ún, pé orúkọ Ọ̀gá yóò sì hàn gàdàgbà ní ojú ewé àkọ́kọ́ géèmù náà. Ọ̀gá mi ní kí n tún ìwé náà kà. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tí wọ́n ń bu omi bọ́jú. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n. Kírímù tí a ti ń pò dànù láti ìgbà yìí wá ti rí ọkọ̀ tí a ó fi kùn.

Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Mo po kírímù náà lórí sikirínì bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi ní ó ti pọ́n jù, kí n fi búlúù díẹ̀ sí i. Mo fi sí i. Wọ́n ní kò tíì tó. Mo tún fi sí i. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà pé ó dáa, ohun tó wà níwájú mi ti dà bí ètè ẹni tí òtútù ń pa. Mo ní sà, ó jọ pé ó ti ń di búlúù o. Wọ́n ní sikirínì ló ń parọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí tòkunbọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo gbé e padà sí Àlàbá, Ẹmẹ́ka pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní irọ́ lèyí náà ń pa. Mo tún gbé e padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé sikirínì lọ, tí mo ń gbé sikirínì bọ̀, títí àwọn alábàárù Àlàbá fi ń kí mi bí ẹni tó ń tà á. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà mìíràn náà ti ń dàrú. Ẹnì kan dá ọkọ̀ tirẹ̀ padà, ó ní pupa lòun ní kí a kùn, kí ló dé tó fi ní àwọ̀ àlùbọ́sà. Ọ̀gá mi ní kí n dá a lóhùn pé sikirínì tirẹ̀ náà ti bàjẹ́.

Ẹmẹ́ka ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọjọ́ kan wà tó gba sikirínì lọ́wọ́ mi tí kò tiẹ̀ tàn án wò. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Aunty Bọ́sẹ̀," ó ní, "gbogbo sikirínì Àlàbá ò lè bàjẹ́ sí apá kan náà."

Mo jókòó sórí páálí kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú Ọ̀gá mi ló ń lọ. Bí a bá fi àwọn ọkọ̀ Lafẹ́nwá ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, búlúù ni gbogbo ayé yóò rí pẹ̀lú orúkọ wọn lókè, àwọn ará Lafẹ́nwá tó ṣẹ́ kù á sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá sì la ẹnu sọ fún wọn, ẹni tó fi àwọ̀ ṣe gbogbo ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún pé kò rí àwọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yẹn jáde pẹ̀lú orúkọ wọn ju bí àwọn gan-an ṣe fẹ́ ẹ lọ.

N kò lè sọ ọ́ lẹ́nu. Ibo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀? Mo ra ọ̀dà funfun, agolo kékeré kan, mo ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa ti dọ̀tí, kí a fún un ní ọwọ́ kan. Inú Ọ̀gá mi dùn láti tún gbóòórùn ọ̀dà gidi. Wọ́n fi ìdí ṣíbí ṣí ideri agolo náà fúnra wọn, wọ́n rò ó dáadáa, wọ́n sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn. Wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ta ló po yẹ́lò mọ́ ọn?"

"Kò sẹ́ni tó po nǹkan kan mọ́ ọn, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣí i."

Wọ́n wo inú agolo náà pẹ́. Wọ́n wo ideri rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé funfun ni. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n dé agolo náà padà, wọ́n tẹ ideri rẹ̀ yí ká kó lè le, wọ́n mú fìlà, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Wọn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Mo lọ bá wọn nílé ní Ìbà. Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, ní wọn ò sọ nǹkan kan fún òun, pé wọ́n kàn ń jókòó ti fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ẹlòmíì mọ̀. Mo ní Ẹmẹ́ka mọ̀. Wọ́n ní ọmọ yẹn gbọ́n. Mo ní sà, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà ń ba àwọn. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní ó dáa, àwọn gbọ́.

Dókítà sọ pé nǹkan kan ló bo ẹyin ojú wọn, tó ń nípọn díẹ̀díẹ̀, òun ló sì ń mú kí gbogbo nǹkan pọ́n bí yẹ́lò lójú wọn, tí wọ́n fi ń ní kí n máa fi búlúù pa á. Kátárátì ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún wọn, wọ́n ní kí ti òsì dúró ná. Mo kọ̀wé sí àwọn òyìnbó pé kí wọ́n ṣe sùúrù fún wa.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n ṣí àwọn ọkọ̀ Lafẹ́nwá. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan, wọ́n wò ó. Wọ́n bo èkejì, wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ojú ti là, kí Ọ̀gá sọ, kí n kùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n fi yẹ́lò sí i, mo fi sí i. Wọ́n ní kí n dín in kù, mo dín in kù. Wọ́n ní ó súnmọ́ ọn, lẹ́yìn náà wọ́n ní rárá. Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, a ṣì wà lójú kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga.

"Bọ́sẹ̀, mi ò rántí mọ́."

Mo ní bóyá kí wọ́n sinmi díẹ̀. Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni àwọn ń wo ọkọ̀ yẹn nínú ọkàn àwọn, ní gbogbo ọdún tí ojú ń ṣókùnkùn, pé ó jọ pé ojoojúmọ́ náà ni àwọn ń tún un kùn láìmọ̀. Wọ́n ní èyí tí àwọn rí lọ́mọdé àti èyí tí àwọn fúnra àwọn kùn lé e lórí, àwọn ò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ròyìn ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì.

"Kírímù tí mo fi jẹ ọ́ níyà nígbà yẹn, ṣé ọwọ́ rẹ ṣì mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, sà."

"Ojú mi dáa nígbà yẹn. Lọ pò ó."

Mi ò pò ó lórí kọ̀ǹpútà. Mo lọ ra ọ̀dà gidi, funfun, yẹ́lò àti búráwùn, mo pò ó ní ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn, mi ò wọ̀n ọ́n, mo jẹ́ kí ọwọ́ mi ṣe é. Nígbà tó jókòó bó ṣe yẹ, mo gbé e wọlé sí ẹ̀gbẹ́ sikirínì, mo sì mú ti sikirínì bá a mu. Mo yíjú sí Ọ̀gá mi. Wọ́n ní kí ló dé tí mo ń wo àwọn, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

A parí gbogbo ọkọ̀ náà, ipa búrọ́ọ̀ṣì lára kírímù, ipa búrọ́ọ̀ṣì lára pupa. Ó kù kí n kọ orúkọ Ọ̀gá Ràímì sí ojú ewé àkọ́kọ́ bí a ṣe ṣàdéhùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí máòsì. Wọ́n ní àwọn ò lè jẹ́rìí sí ohun tí àwọn ò dá mọ̀ mọ́, kí n kọ orúkọ tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá Àgbà wá láti Ìbà, wọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n. "Ìwọ lo kùn ún" ni wọ́n ń wí ṣáá. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó jọ pé mo ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Ọ̀gá mi ti lọ sinmi. Mo bá iṣẹ́ náà lọ títí ó fi sú mi, mo sì fi í sílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan láti Lafẹ́nwá ti kọ̀wé sí mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ náà rí, pé omi bọ́ lójú àwọn. Àwọn mìíràn kọ̀wé pé irọ́ ni, pé ó funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ló sọ fún mi. Mi ò gbé Lafẹ́nwá rí, mi ò sì fojú kan ọ̀kankan nínú àwọn ọkọ̀ náà. Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn pé Ọ̀gá mi ló kọ́ mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.